Ibi Tí Torfi Ti Máa Ń Sùn Lọ Nínú Ìtàn

Hvammsel, lẹ́bàá adágún Mývatn
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, 1977

Ẹ̀gbọ́n mi Torfi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí. Mo rí búrẹ́dì tí a rì sínú ilẹ̀ gbígbóná lánàá kí ó lè jinná: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jó dúdú bí èédú, torí ilẹ̀ ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí ojú ilẹ̀ tó là lẹ́yìn ilé àgùntàn, ó gùn tó okùn tí a fi ń sá aṣọ, kò sì sí níbẹ̀ lálẹ́ àná. Mo rí pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn méje lórí omi, ọ̀kan nínú wọn dá dúró sẹ́yìn. Mo rí ọkọ̀ Brandur ará Kleif tó ń gbé àpò lẹ́tà bọ̀, iná iwájú rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tàn. Inú àpò yẹn ni ìwé yín wà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdáwà ìlú onílùú. Ìyá àgbà ti sọ pé kí n kí yín kí n tó kọ ohunkóhun, mo sì gbàgbé. Ẹ bá mi fi ìkíni yìí sí òkè lẹ́tà.

Ìwé àwòrán tí ẹ yà nípa àwọn òrìṣà àtijọ́ ilẹ̀ wa dé láìya. Ó rẹwà. Ìyá àgbà wọ awò méjèèjì lé ara wọn, wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n ń fi ìka ṣí àwọn àwòrán yín wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yẹ ara àgùntàn wò kí òtútù tó dé. Wọ́n ní kí n bi yín ní nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: "Heimdallur rèé, tí eyín rẹ̀ funfun bí ti ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín? Wúrà ni eyín Heimdallur. Ta ló yọ wọ́n tà?"

Èkejì: "Ẹṣin Óðinn, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Mẹ́rin ni mo rí. Bi Torfi bóyá wọ́n ti fi mẹ́rin yòókù se ọbẹ̀ ní Amẹ́ríkà."

Ẹ̀kẹta wá láti ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn òrìṣà ti so Loki mọ́ àpáta nínú ihò nítorí ikú Baldur, òrìṣà ẹgbẹ́ wọn, tó fà, tí ejò ń kán oró sí i lójú láti òkè. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yà á dáadáa. Ẹnu rẹ̀ tó là yẹn bà mí lẹ́rù. Àmọ́ Ìyá àgbà wo ojú ewé yẹn pẹ́. Wọ́n ṣí èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n tún padà. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà wò, bóyá ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó yá, wọ́n ní: "Sigyn dà?"

Mo wá a, n ò rí i. Ṣé inú ìwé tó ń bọ̀ ló wà?

Ilẹ̀ mì nígbà tí a ń jẹun lọ́sàn-án. Àwa méjèèjì gbé abọ́ wa sókè bí a ti máa ń ṣe, a gbé e dání títí ó fi rọlẹ̀. Kò sí ohun tó fọ́.

Ohùn Ìyá àgbà ti há láti ìgbà tí a kórè koríko. Wọ́n ní eruku ni. Èmi ò rò pé eruku ni. A ó lọ rí dókítà ní Akureyri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbúrò yín,
Hallbera


New York
Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, 1977

Hallbera, àbúrò mi tí ń kọ lẹ́tà bí ọlọ́pàá,

Ṣé ara le? Ìyá àgbà ńkọ́, kí ni dókítà wí? O kọ ìlà márùn-ún nípa búrẹ́dì àti pẹ́pẹ́yẹ, o wá kọ ìlà méjì péré nípa ọ̀fun wọn. Ta ló bi ọ́ léèrè iye pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí omi? Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà níbí, gbogbo lẹ́tà rẹ ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: mo rí èyí, mo rí tọ̀hún, bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù. Ṣé wọ́n fẹ̀sùn kàn ọ́ ni?

Jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà. Eyín wúrà: ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ ìwé àwòrán ní òrìṣà tó bá fi eyín wúrà rẹ́rìn-ín á jọ jìbìtì. Ẹsẹ̀ ẹṣin: ó ní bí mo bá ya mẹ́jọ, àwọn òǹkàwé á rò pé mo mutí. Mo bá a jà lórí ẹsẹ̀ yẹn fún odindi ọ̀sán kan. Ó ní, "Torfi, àwọn ọmọ tó ń ra ìwé yìí ti rí ẹṣin rí." Kí n wí kí ni? Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo yọ mẹ́rin, mo fi gọ̀gọ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bo ibi tí mo ti yọ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta yẹn dùn mí, n ò ní parọ́. Ta ni Sigyn? Kò sí obìnrin kankan nínú ihò yẹn. Ẹnu Ìyá àgbà fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ìtàn náà, lórí ibùsùn tó wà lábẹ́ àjà, tí òjò dídì ń lu òrùlé. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n so ejò kọ́ sókè orí rẹ̀, ó ń jẹ̀rora, ilẹ̀ ń mì. Ó parí. Ìtàn yẹn ni mo gbé wọ ọ̀gá lọ́kàn tó fi gbà mí síṣẹ́! Ìwé mẹ́rin ni mo ti fi ránṣẹ́ sílé, n ò tíì gbọ́ "o ṣé". Ohun tó kù nìkan ni ẹ ń kà fún mi. Àbí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ti ń fi ti yín kún ìtàn látìgbà tí mo ti lọ?

Ẹ kúrò lórí ilẹ̀ tó ń là yẹn. Ẹ gba yàrá kan sí Akureyri. Àgùntàn kì í ṣe ènìyàn.

Bí o bá ráyè, fi ẹja tí a fi èéfín yan ránṣẹ́. Dì í dáadáa. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, òórùn rẹ̀ mú kí gbogbo ará ilé máa wá ohun tó kú sínú yàrá mi.

Torfi


Hvammsel
Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá, 1977

Ẹ̀gbọ́n mi Torfi,

Mo rí yìnyín àkọ́kọ́ létí omi láàárọ̀ yìí, ó fẹ́lẹ́ bí awò. Mo rí Ìyá àgbà tí wọ́n ń di ògiri mú bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo rí ipasẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yípo ilé àgùntàn, kò wọlé. Ẹ má bínú sí ìlà wọ̀nyí. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn.

Ẹ ṣé fún ìwé. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, Brandur sì ti yá èkejì, kò tíì dá a padà.

Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Ìyá àgbà. Nígbà tí mo dé ibi gọ̀gọ̀ ẹṣin, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí mo dé ibi "ta ni Sigyn", ẹ̀rín tán. Wọ́n gbé irun àgùntàn tí wọ́n ń yà kalẹ̀.

"Hallbera," wọ́n ní, "níbo ni Torfi ti máa ń sùn lọ nínú ìtàn yẹn?"

Mo ronú. Mo rántí, torí èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, tí mo ń fa koríko kúrò nínú irun. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń tètè lọ sórí ibùsùn, torí ẹ̀yin lẹ máa jí fún àgùntàn bí ilẹ̀ bá mọ́. Mo ní, "Níbi tí wọ́n ti so ejò kọ́."

"Níbẹ̀ gan-an," wọ́n ní. "Bí mo bá ti so ejò kọ́ báyìí, màá gbọ́ èémí Torfi. Èmi á wá rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó má bàa jí. Ọmọdé tó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ìwọ nìkan ni mo ń sọ ìyókù fún." Wọ́n gbé òòyà onírin tí wọ́n fi ń ya irun, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. "Hallbera, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló lé obìnrin yẹn jáde nínú ihò. Èmi ni."

Mo sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní nǹkan kan hù sí wọn lọ́fun. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kìn-ín-ní. Ó ní ẹ̀mí wọn kò sí nínú ewu, àmọ́ ohùn wọn lè má padà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ìyá àgbà bi í bóyá ó ti gbọ́ ohùn òun tẹ́lẹ̀ rí, kó tó há. Ó ní rárá. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe fún ọ o."

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ yín fún. Ẹ wá sílé lásìkò Kérésìmesì, kí wọ́n lè sọ ìyókù ìtàn fún yín. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ohun tí ẹnu òun mú kúrò, ẹnu lòun máa fi dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í kọ lẹ́tà sí i.

Hallbera


New York
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, 1977

Hallbera,

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà, n ò tíì bọ́ aṣọ òtútù. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

N ò lè wá. Má ṣe kà á fún Ìyá àgbà bí mo ṣe kọ ọ́, bá mi fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Ìwé tó kẹ́yìn nínú ìtàn Loki ni mo ń yà lọ́wọ́. Ìparí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá fẹ́ kí ihò náà wó lù ú, kí ó kú síbẹ̀, òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má wá a wá. Bí mo bá kúrò nídìí tábìlì, ẹlòmíì á ti jókòó kí àga tó tutù.

Inú ń bí mi, n ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Kí ló dé tí wọn ò jí mi? Ẹ ò bá ti gbọ̀n mí lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ náà jókòó níbẹ̀!

Lálẹ́ àná, mo pa iná, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, mo ní kí n rántí. Mo rántí òórùn èéfín nínú ilé ẹja. Mo rántí bí ọmú ewúrẹ́ wa àtijọ́ ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ nínú òtútù. Mo rántí ìró òòyà onírin yẹn, ṣẹ́ẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀rẹ̀. Mo rántí ejò. Lẹ́yìn ejò, òòyà nìkan ni mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ìró yẹn, mo mọ̀ pé ó wà, n ò mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo ń sunkún nítorí ìtàn tí mo sùn mọ́.

Jọ̀ọ́, kọ ọ́ fún mi ní ìlà mẹ́wàá. Irun obìnrin náà ńkọ́? Kí ló wọ̀? Ṣé ó ní ohun ìjà? Wọ́n máa bi mí.

Torfi


Hvammsel
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1977

Ẹ̀gbọ́n mi Torfi,

Ilẹ̀ ò mọ́ tán títí di ọ̀sán lásìkò yìí, nítorí náà díẹ̀ ni mo rí. Mo rí fìtílà Kleif ní òdìkejì omi. Mo rí èéfín tó ń jáde láti inú ilẹ̀ tó là, ó nà ró gangan, kò sí afẹ́fẹ́. Mo rí ìyẹ́ ẹyẹ kan lórí òjò dídì, mo fi í sínú àpò ìwé yìí.

Ẹ kú ọdún. Mo fi ẹnu dídùn sọ ọ́ bí ẹ ti wí. Ìyá àgbà ní, "Kò lè wá, àbí?"

Mo gbìyànjú ìlà mẹ́wàá yẹn, mo jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń sùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ó gbẹ bí ẹja tí a gbàgbé sórí igi. Mo fi dá iná.

Àmọ́ a ti rí ọ̀nà. Tẹlifóònù. Ọjọ́ Sátidé, kẹrìnlá oṣù Kìn-ín-ní, aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Mo ti bá obìnrin tó ń so okùn pọ̀ ní pósí ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, ó ti fi àyè sílẹ̀.

Ẹ rántí okùn wa: ilé mẹ́sàn-án lórí okùn tẹlifóònù kan, agogo tó bá dún, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ. Tiwa ni agogo gígùn, kúkúrú, gígùn, àmọ́ ilé tí kì í gbé e nígbà tí agogo ẹlòmíì bá dún, n ò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá sì ti gbé e, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń rẹlẹ̀ sí i. Ìyá àgbà ní ohùn tó kù sí òun lọ́fun kò tó pín fún ilé mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, mo lọ bẹ̀ wọ́n. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín àgùntàn! Mo dúró ní ilé ìtajà àjùmọ̀ní lẹ́yìn Kérésìmesì, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má gbé tẹlifóònù wọn lọ́jọ́ náà.

Brandur ní, "Èmi? Èmi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lórí tẹlifóònù rí láyé mi."

Sólrún ará Nesbær yí padà nídìí ìyẹ̀fun. "Brandur! Ìwọ lo sọ fún mi pé ọ̀fun Steinvör, ìyá àgbà rẹ̀, ń dùn ún, kí dókítà tó mọ̀!"

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá," Brandur ní.

"Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú okùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Brandur ní, "A ó wò ó, Hallbera." Ìyẹn kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ìyá àgbà ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọn kì í sọ ju ohun tí wọ́n bá fẹ́ gan-an lọ.

Hallbera


Wáyà, láti New York sí Hvammsel
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní, 1978

MO KỌ LẸ́TÀ MẸ́TA MO FÀ WỌ́N YA. N Ó WÀ NÍDÌÍ TẸLIFÓÒNÙ. N Ó TI SÙN YÓ KÍ ÀKÓKÒ TÓ TÓ. TORFI.


Hvammsel
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní, 1978

Ẹ̀gbọ́n mi Torfi,

Mo rí abọ́ méjì lórí tábìlì tí a kò fọ̀. Mo rí ipasẹ̀ bàtà Brandur lórí òjò dídì títí dé ẹnu ọ̀nà wa: ó ti wá láàárọ̀ láti dá ìwé kejì yẹn padà, ó gbé e sórí òkúta, kò kan ilẹ̀kùn. Mo rí oòrùn, ìdajì rẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Mo rí Ìyá àgbà tí wọ́n ń fi ìka kọ nǹkan sí ara fèrèsé tí èémí ti bò: ẸSẸ̀ MẸ́JỌ. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún.

Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, àmọ́ ẹ ò rí i. Mo fẹ́ kí ẹ rí i.

Láti Ọjọ́bọ̀, Ìyá àgbà ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ń nàka. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, wọ́n mu wàrà gbígbóná, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sábẹ́ tẹlifóònù. Agogo dún: gígùn, kúkúrú, gígùn. Wọ́n gbé e. Wọ́n ní, "Torfi."

Ohun tí ẹ sọ ni pé, "N ò gbọ́! Ta nìyẹn?"

Mo gba tẹlifóònù lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sétí. Aago ògiri Sólrún ń lù níbẹ̀. Ẹnìkan ń jẹ nǹkan. Mo ní, "Brandur, mo ń gbọ́ ajá yín."

Ìró jíjẹ yẹn dúró. Lẹ́yìn náà Brandur ní, "Ajá wo?"

Ẹ gbọ́ ìyẹn, torí ẹ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ikú Baldur, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe lé Loki mú, okùn, àpáta, ẹ ń ní "ẹn, ẹn", bí ẹni dúró sí òdìkejì adágún. Wọ́n so ejò kọ́.

"Ibí ni," wọ́n ní. "Ibí ni Torfi ti máa ń sùn lọ."

Ẹ ní, "Mo jí, Ìyá àgbà. Mo jí. Ohùn yín ló jìnnà."

Ìgbà yẹn ni Brandur ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ó dàárọ̀ o, Steinvör," tí a gbọ́ kíṣì. Sólrún ní, "Ó dàárọ̀." Kíṣì. Wọ́n ń gbé e kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ilé dé ilé, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn ń pa fìtílà wọn yípo adágún. Mo fi etí mi ti ti Ìyá àgbà. Bí ilé kan bá ti gbé e kalẹ̀, èémí yín á sún mọ́ wa sí i, títí tí ẹ fi wà nínú yàrá.

Ẹ ti gbọ́ ìyókù. Síbẹ̀ mo fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, ní báyìí tí ẹ ti fi etí gbọ́ ọ, kò ní gbẹ mọ́.

"Ìyàwó rẹ̀ wọlé," wọ́n ní. "Sigyn lorúkọ rẹ̀. Wọn ò so ó mọ́lẹ̀, ó lè lọ bó bá wù ú. Kò ní ohun ìjà. Abọ́ ló gbé dání, ó gbé e sábẹ́ ẹnu ejò. Bí ọwọ́ kan bá ro ó, á fi ìkejì gbé e. Bí abọ́ bá kún, àfi kó jáde lọ dà á nù. Àárín ìgbà yẹn ni oró á kán sí ọkọ rẹ̀ lójú, tí á gbọ̀n, tí ilẹ̀ á mì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé abọ́ tiwa nílé yìí, Torfi. A ń bá a gbé e díẹ̀."

Ẹ ní, "Mo rò pé kí ọbẹ̀ má bàa dànù ni."

"Ọbẹ̀ náà wà níbẹ̀," wọ́n ní.

Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Bó bá padà wọlé, ojú ọkọ rẹ̀ á ti wú, kò ríran. Ọkọ náà kì í bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í: kí lo rí níta? Obìnrin náà á sì sọ ọ́ fún un, gbogbo ohun tó rí, kò ní bù kún un, kò ní yọ nínú rẹ̀, torí òun nìkan ni…"

Níbẹ̀ ni ohùn ti tán. Ètè wọn ń mì, kò sí nǹkan tó jáde. Ẹ̀yin sì ń pè láti ọ̀hún, "Kí ló rí? Ìyá àgbà? Kí ni Sigyn rí?"

Wọ́n fi tẹlifóònù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n nàka sí fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi, n ò mọ ohun tí mo lè sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Mo ní, mo rí búrẹ́dì tó jó dúdú ní ìsàlẹ̀. Mo rí pẹ́pẹ́yẹ funfun lórí ibi tí omi ò tíì dì, ọ̀kan fi orí pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Mo rí ilẹ̀ tó là, òjò dídì ò lè dúró létí rẹ̀. Mo rí aṣọ iṣẹ́ Ìyá àgbà lórí okùn, tí ó dì gbagidi bí ẹni tó na ọwọ́.

Ẹ ò sọ pé ọlọ́pàá ni mí. Ẹ ní, "Gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn." Ẹ tún ní, "Kí ló tún kù? Hallbera, kí lo tún rí?" Mo ń sọ, mo ń sọ, títí tí obìnrin tó ń so okùn pọ̀ fi wọlé pé àkókò ti tó. Ó jọ pé òun náà ti ń gbọ́ ìtàn bọ̀.

Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn, mo tún un sọ fún Ìyá àgbà nígbà méjì: pé ẹ máa yà á, pé bí ọ̀gá yín bá fẹ́ yọ ọ́, kí ó yọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Wọ́n mi orí pé ó dára. Wọ́n sùn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

N ò tíì kó abọ́ nílẹ̀ tí agogo tún dún. Gígùn, kúkúrú, gígùn.

"Hallbera," Brandur ní, "kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n so ejò kọ́?"

"Ṣé ẹ gbé e kalẹ̀ lóòótọ́ ni?"

"A gbé e kalẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń bí wa nínú nìyẹn."

"Ibi ejò ni mo bọ́ sílẹ̀ sí," Sólrún ní. "Mo ti jókòó síbí látìgbà náà, n ò lè hun nǹkan kan."

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí wọn, àti ajá. N ò sọ̀rọ̀ fún ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo Ìyá àgbà tí wọ́n ń sùn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa jí, mo bẹ̀rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ wọlé, Sigyn lorúkọ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ohùn tí wọ́n máa ń rẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín. Mo dákẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo gbé ohùn sókè.

Ìyá àgbà la ojú kan, wọ́n tún pa á dé.

Mo wà níbi tí abọ́ ti kún nígbà tí ilẹ̀ mì, kì í ṣe kékeré. Àwo lu ara wọn lórí pẹpẹ. Mo fi ọwọ́ tó ṣófo gbé abọ́ mi. Nínú tẹlifóònù, mo gbọ́ ìró ṣíbí, àga tó sún, ife tó kúrò lórí tábìlì ní ilé kan, ní òmíràn.

"Mo ti gbé tèmi," Brandur ní. "Máa sọ ọ́ lọ."

Mo sọ ọ́ tán. Sólrún ní kí n tún ibi pẹ́pẹ́yẹ sọ, mo tún un sọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Brandur máa gbé wa lọ sí Akureyri, ó ní òun ti tún iná iwájú kejì ṣe. Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Ìyá àgbà, mo fi aṣọ bò wọ́n. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Hallbera